Ṣé ọtí ló ń kó sídà ran àwa ọkùnrin ni, àbí wọn ò kàn fẹ́ ká jayé?

Ọmọ-Wàńdó béèrè:

Ẹ̀gbọ́n Akéde, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ní ìbéèrè, kí ẹnikẹ́ni má bú mi. Gbogbo ìgbà tí àwọn tó ń pín kapọ́ọ̀tì (rọ́bà ìdáàbòbò) bá wá bá wa ní bùfẹ́ẹ̀tì, ilé ọtí wa, lápá Wàńdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́: ẹ dín ọtí kù, ọtí ló ń kó yín sí wàhálà sídà. Alẹ́ Àbámẹ́ta nìkan ni mo ń mu. Bíà ni, àti sódábì (ògógóró wa) díẹ̀ bí ọ̀rẹ́ bá gbé e wá láti Àjárá. Mo ti ṣàyẹ̀wò, kò sí nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin náà ń mu, ta ló ń wàásù fún wọn? Lójú tèmi, ohun tí wọ́n máa fi bá àwa ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin wí ni wọ́n ń wá.

Ìkejì: ọ̀rẹ́ mi kan ń lo ARV, oògùn tó ń tẹ kòkòrò sídà rì. Bó bá ti di Àbámẹ́ta, kì í lò ó, torí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé oògùn àti ọtí kì í pàdé. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

* * *

Akéde:

Àbúrò, ìbéèrè kejì yẹn ló ká mi lára jù. Màá padà sí i, má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé.

Kòkòrò HIV tó ń fa sídà kì í gbé inú ìgò. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, inú àtọ̀, inú omi ojú ara obìnrin, inú omi ihò ìdí, inú omi ọyàn. Bí o bá dá kó gbogbo sódábì Àjárá mu tí o sì lọ dá sùn, orí fífọ́ ni yóò jí ọ, sídà kọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọtí ló ń fa sídà ti gé ọ̀rọ̀ kúrú jù, ó sì ń fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ láyè láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ àwọn tó ní ọtí kò kàn án rárá náà ń tan ara wọn. Àwọn kan sì wà, Kétu ni mo ti gbọ́ ọ jù, tí wọ́n ní sódábì tó le dáadáa ń pa kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ọtí tó bá lè pa kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ á ti pa ìwọ alára kó tó kàn án.

Ohun tí ọtí ń ṣe ni pé ó ń gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ. Kapọ́ọ̀tì wà nínú àpò, o ò rántí. O rántí, ẹnìkejì ní "ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí," ìwọ tí ò bá kọ̀ fún un lójú mímọ́ gbà. O fẹ́ bi í bóyá ó ti ṣàyẹ̀wò, ahọ́n ti wúwo. Ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń rọ́nà wọlé.

* * *

Ọ̀dọ́-Kétu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ẹni tí kì í lo rọ́bà kì í lò ó náà ni, ì báà jẹ́ omi ló mu. Ìwà ló wà níbẹ̀. Ọtí kàn jẹ́ àwáwí tá a máa ń rí sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

* * *

Akéde:

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lo sọ yìí o. Àwọn onímọ̀ pàápàá fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó fẹ́ràn ewu lè fẹ́ràn ọtí, kó sì kórìíra rọ́bà. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó fa èkejì?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n kó èèyàn jọ, wọ́n pín wọn sọ́wọ̀ọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan fúnra rẹ̀, wọ́n fún àwọn kan lọ́tí, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun mímu tí kò ní ọtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè ohun tí kálukú máa ṣe bó bá bára rẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú ẹni tó wù ú tí kò sì sí rọ́bà. Lọ́dún 2012, wọ́n kó irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ 12 pọ̀, wọ́n sì rí i pé gbogbo ìgbà tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ bá fi 0.1 míligíráàmù ga sí i nínú mílílítà kan, ṣe ni èrò àtilò pọ̀ láìsí rọ́bà ń fi nǹkan bíi 5 nínú 100 lé sí i. Ìwà ò lè ṣàlàyé ìyẹn, torí pé kì í ṣe ìwà ni wọ́n fi pín wọn.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé ọkùnrin 4,295 tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀, ní ìlú mẹ́fà. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2006, wọ́n ṣírò pé bíi 29 nínú 100 lára àwọn tó kó kòkòrò náà ni ọtí tàbí oògùn olóró tí wọ́n lò kí wọ́n tó lò pọ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Amẹ́ríkà kọ́ ni Àjàṣẹ́, mo mọ̀, wọn ò sì yọ oògùn olóró kúrò lára ọtí. Síbẹ̀, 29 kì í ṣe àwáwí.

Ọmọ-Wàńdó, o ní ta ló ń wàásù fún àwọn tó ń fẹ́ obìnrin. Ó yẹ kí wọ́n wàásù fún wọn náà. Ṣùgbọ́n ara wa ò rí bákan náà. Awọ inú ihò ìdí tín-ín-rín gan-an, ó sì tètè ń bó. Bí ẹni tó ní kòkòrò tí kì í lo oògùn bá bá èèyàn lò pọ̀ láìlo rọ́bà, ìṣirò tí wọ́n ń lò ni pé ẹni tó gbà á láti ìdí wà nínú ewu bíi 138 nínú ìgbà 10,000. Obìnrin tó gbà á láti ojú ara, bíi 8. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló ń wọ ara ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìdí, bíi 11. Àṣìṣe kan náà lalẹ́ kan náà, àmọ́ owó orí ẹ̀ yàtọ̀. Kí wọ́n máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín dípò kí wọ́n máa pariwo ọtí, ọtí.

* * *

Wọlé-Wọ̀de:

Ìhà Nàìjíríà ni mo ń gbé, mo máa ń gba Ìgólò wọlé sí Àjàṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó bú ọtí, ẹ sọ ibòmíì tá a ti lè rí ara wa fún mi. Ṣé mọ́sálásí ni àbí ilé ìyá mi?

* * *

Akéde:

Ó ṣeun tó o gbé e jáde, torí ọ̀rọ̀ gan-an nìyí, àwọn tó ń pín kapọ́ọ̀tì kì í sì í dé ibẹ̀.

Òfin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dúró de ọkùnrin méjì tó bá bára wọn ṣègbéyàwó, ó sì fi ọdún 10 dúró de ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀, kò sí òfin tó ní kí wọ́n ju àgbàlagbà méjì tó gbà fúnra wọn sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ló ń bẹ̀rù òfin nínú wa? Onílé là ń bẹ̀rù, àti ìyá, àti ọ̀gá níbi iṣẹ́, àti ará àdúgbò tí kì í tètè sùn.

Ó wá ku bùfẹ́ẹ̀tì. Ó ku òkú ṣíṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, níbi tí èrò ti pọ̀, tí orin ń ké, tí kò sí ẹni tó ń bi ọkùnrin méjì ohun tí wọ́n jókòó tira wọn fún. Bíà sì ni owó àga níbẹ̀. O ò lè jókòó láti aago méje títí di ọ̀gànjọ́ kó o máa mu omi, ìyá onítajà á lé ọ. Mo mọ ọkùnrin kan láti Ṣábẹ, ó níyàwó, ó bímọ, kì í lè la ẹnu rẹ̀ fún ọkùnrin tó wù ú àfi bó bá ti mu ìgò kẹta. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, ó tún ń bá Ọlọ́run rẹ̀ jà. Bó o bá ní kírú ẹni bẹ́ẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí láìfún un níbi tó lè jókòó sí, ohun tó ń gbọ́ ni pé kó jáwọ́ nínú ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá wọn sọ pé "ẹ má mu." Ohun tí mò ń sọ ni pé kí gbogbo ètò ti parí kí wọ́n tó ṣí ìgò àkọ́kọ́.

* * *

Olùfọkànsìn:

Ẹ fi ìwà náà sílẹ̀, ẹ fi ọtí náà sílẹ̀, kò ní sí sídà mọ́. Ṣé ìyẹn le ni?

* * *

Akéde:

Ó le. Ẹ ṣeun. Ẹlòmíì?

* * *

Ṣábẹ-ni-mo-wà:

Ẹ̀gbọ́n, ìgò mélòó ló ti pọ̀ jù? Ẹ má sọ pé "níwọ̀ntúnwọ̀nsì." Oníkálukú ló ní ìwọ̀n tiẹ̀.

* * *

Akéde:

Ó dáa, ká ṣírò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìbéèrè 10 tí wọ́n fi ń yẹ ọtí mímu wò, AUDIT ni wọ́n ń pè é. Nínú rẹ̀, gíráàmù 10 ọtí gidi ni wọ́n kà sí mímu kan. Ìbéèrè kẹta níbẹ̀ ni: báwo lo ṣe ń mu tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìjókòó kan sí?

Ìgò bíà ńlá tó jẹ́ 60 cl, tó ní 5 nínú 100, bíi gíráàmù 24 ló wà nínú rẹ̀. Ìgò méjì ààbọ̀ ti pé mẹ́fà. Ìwọ ń sọ pé "bíà méjì péré," ìwé ń sọ pé o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ààlà.

Sódábì ló burú nínú ìṣirò yìí, torí kò ní àkọlé. Bó bá jẹ́ 45 nínú 100, ife kékeré 5 cl ti ní bíi gíráàmù 18, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mímu méjì nínú ohun tó o gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Ti oníṣòwò kan sì lè le ju ti ẹnìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ife kan náà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ fún mi pé "mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé ẹ̀," sódábì ni wọ́n fi lé bíà lórí. Jẹun kó o tó mu. Ẹ̀wà, ẹ̀bà, ohunkóhun tó bá wuwo. Inú òfìfo ni ọtí ti ń sáré.

* * *

Akéde (mo padà sí ìbéèrè kejì):

Ọmọ-Wàńdó, gbọ́ dáadáa, kó o sì fi han ọ̀rẹ́ rẹ.

Kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó mu ọtí. Kó lò ó bó bá fẹ́ mu, kó lò ó bó bá ti mu, kó lò ó bí orí bá ń fọ́ ọ láàárọ̀ Àìkú. Àwọn ARV tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, pàápàá hóró kan tí dolutegravir wà nínú rẹ̀, kì í bá bíà jà débi tí á fi di májèlé. Ẹ̀dọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń rò, ó sì ní ìdí: ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹni tó sì ní àrùn ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn ń gbọ́ nínú "wọn kì í pàdé" ni pé kó yan ọ̀kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ta ló máa yan oògùn?

Wọ́n ti ṣèwádìí èyí ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ ń fo oògùn torí pé wọ́n gbà pé ó léwu láti pa á pọ̀ mọ́ ọtí. Wọn ò gbàgbé o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n rò pé ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ìmọ̀ràn tó yẹ kó gba ẹ̀dọ̀ là wá ń tú kòkòrò sílẹ̀.

Àbámẹ́ta kan ṣoṣo lè má ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n Àbámẹ́ta kì í dá wá. Àìkú, ara ò tíì yá. Àjọ̀dún dé, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ, kòkòrò á tún pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn náà sì lè má ṣiṣẹ́ fún un mọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá ń lò ó déédéé tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 ní ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé tọkọtọkọ 782, ọ̀kan ní in, èkejì ò ní in, wọ́n lò pọ̀ láìlo rọ́bà nígbà tó lé ní 76,000. Kò sí ẹyọ kan tó kó o lára ẹnìkejì rẹ̀.

Bí alẹ́ bá ń dà á láàmú, kó sọ fún dókítà pé òun fẹ́ gbé oògùn sí àárọ̀. Kó máa fi ẹ̀kọ gbígbóná gbé e mì. Láàárọ̀, kò tíì sí ọtí tó máa bá a du àyè. ARV ò sì gba owó ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà owó bíà ò di í lọ́wọ́.

* * *

Ọ̀dọ́-Kétu:

PrEP, oògùn tí ẹni tí kò ní kòkòrò ń lò kó má bàa kó o, ńkọ́? Wọ́n ní èèyàn ò nílò àtilò ó lójoojúmọ́ mọ́, pé ọjọ́ tó bá fẹ́ jáde nìkan ti tó.

* * *

Akéde:

Òótọ́ ni, fún àwa ọkùnrin. Hóró méjì lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín wákàtí 24 sí wákàtí 2 kó o tó bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀. Ọ̀kan nígbà tó bá pé wákàtí 24 tó o lo méjì àkọ́kọ́. Ọ̀kan tó kẹ́yìn nígbà tó bá pé wákàtí 48. Bó o bá tún lò pọ̀ lọ́jọ́ kejì, máa lo ọ̀kan lójúmọ́ títí ọjọ́ méjì á fi kọjá lẹ́yìn ti ìkẹyìn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Faransé àti Kánádà, tó jáde lọ́dún 2015, rí i pé ó dín kíkó kòkòrò kù ní 86 nínú 100.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yapa nìyí. Fún ẹni tó ń mu dáadáa lópin ọ̀sẹ̀, mi ò fẹ́ràn ètò yìí. Méjì àkọ́kọ́ ò le, o lè lò ó ní aago márùn-ún kó o tó wọ aṣọ. Ti Àìkú àti ti Ajé ló ń bọ́ sọnù. Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn máa bá ẹnikẹ́ni lọ lálẹ́ yẹn títí wọ́n fi wà lẹ́yìn zémidjan (ọ̀kadà). Ẹni bẹ́ẹ̀, kó máa lò ó lójoojúmọ́. Kò sí ohun tí bíà ń ṣe fún oògùn náà, ohun tí bíà ń ṣe fún ìrántí rẹ ni kó o máa ṣọ́.

Kí wọ́n yẹ àrùn ẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) wò lára rẹ ná. Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sì ní in kò gbọdọ̀ máa lo PrEP kó máa dá a dúró bó ṣe wù ú, torí oògùn náà ń tẹ àrùn ẹ̀dọ̀ náà rì. Bó o bá dá a dúró lójijì, ó lè ru sókè. Kí wọ́n sì yẹ HIV wò kó o tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ òrí náà, kí n tó gbàgbé. Alẹ́ ti lẹ́, jẹ́ẹ̀lì tó ń mú ara yọ̀ ti tán, ẹnì kan á na ọwọ́ sí òrí tàbí Vaseline orí tábìlì. Òróró èyíkéyìí a máa já rọ́bà, kíákíá sì ni. Wàá rò pé o dáàbò bo ara rẹ. Jẹ́ẹ̀lì olómi ni kó o wá, kó o sì fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú kapọ́ọ̀tì.

* * *

Ṣábẹ-ni-mo-wà:

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ tán ńkọ́? Mo jí, mi ò rántí dáadáa, kò sí rọ́bà nílẹ̀.

* * *

Akéde:

Má jókòó máa gbàdúrà. Oògùn wà fún ìyẹn, àwọn dókítà wa ń pè é ní TPE. Wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó pé wákàtí 72, àmọ́ bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 lo máa fi lò ó láìfo ọ̀kan. Mo bá ọmọkùnrin kan lọ síbì kan láàárọ̀ Àìkú, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ẹni tó ń bójú tó o kò sí. A ò padà sílé o. A wọkọ̀ lọ sí Kútọ̀nù, ó sì rí i gbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, kó máa lọ síbòmíì títí yóò fi rí i. Kò pọn dandan kó o ṣàlàyé ẹni tó o bá sùn. Sọ pé rọ́bà já, sọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀, ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó nílé, ní gbogbo ọjọ́ 28 yẹn, rọ́bà pẹ̀lú ìyàwó náà, títí àyẹ̀wò ìkẹyìn yóò fi jáde. Mo mọ̀ pé àlàyé rẹ̀ le. Ẹ sọ pé dókítà ní kẹ́ ẹ tọ́jú àrùn kan. Bí ìyàwó bá lóyún, ẹ má fi eré ṣe é rárá.

* * *

Ọmọ-Wàńdó:

Ẹ̀gbọ́n, mo fi ọ̀rọ̀ yín han ọ̀rẹ́ mi. Ó ní nọ́ọ̀sì ni òun mọ̀, òun ò mọ Akéde rí.

* * *

Akéde:

Ó gbọ́n. Kó padà lọ bá nọ́ọ̀sì náà, kó má béèrè bóyá ọtí dára, gbogbo wa mọ ìdáhùn ìyẹn. Kó bi í pé: "Mo máa mu bíà lálẹ́ Àbámẹ́ta. Ṣé kí n lo oògùn mi, àbí kí n fò ó?" Kó dúró gbọ́. Bó bá ní kó fò ó, kó ní òun fẹ́ rí dókítà. Kó sì béèrè ìgbà tí wọ́n wo iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, àti iye tí wọ́n rí. Bí kò bá mọ nọ́ńbà yẹn, ìwọ bá a lọ.